Fọ́tò Èmi àti Táyé Tí Ẹ Gé Sí Méjì

Inú ṣọ́ọ̀bù mi,
Òmù-Àrán,
Ọjọ́ Sátidé.

Àmínátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá dáadáa lo wà, torí mo ti rí i pé dáadáa lo wà. Lọ́jọ́bọ̀ ni fọ́tò rẹ wọlé sórí fóònù mi. O wọ bàtà gíga, o ń rẹ́rìn-ín níwájú ògiri funfun kan, ojú ọmọdé mẹ́jọ sì tò sẹ́yìn rẹ, pupa, yẹ́lò, píńkì, àwọ̀ ewé. Èmi ni ara ò rọ̀. Inú ń bí mi débi pé mo rán kọ́là yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ ní òdì, mo tú u, mo tún rán an ní òdì.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sórí ìwé dípò kí n fi ohùn ránṣẹ́ ni pé mo mọ ohun tí o máa ń ṣe sí ohùn mi. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ nígbà Iléyá, o ń rẹ́rìn-ín: "Màámi, ẹ máa ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó débi ọ̀rọ̀, mo máa ń jẹ́ kí ohùn yín sáré ni." Ó dáa. Lẹ́tà ò ṣeé mú sáré. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Èkó ni mo fi rán. Kọ́kọ́ jẹun kí o tó kà á, torí mo mọ̀ ọ́, tí ebi bá ń pa ọ́, o ò kì í gbọ́ràn.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà sọ pé n kò gbọ́ ọ yé.

Nígbà Iléyá, o wọ yàrá Ìyá Àgbà, o wo fọ́tò èmi àti Táyé lára ògiri, o ní ọ̀rinrin ti ń jẹ ẹ́ létí. O ní níbi iṣẹ́ tuntun tí o rí yìí, nílé tí wọ́n ti ń ta àwòrán, àwọn kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Inú mi dùn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́ nínú férémù, mo fi í sáàárín ìwé, mo fi ìró wé e. Mo sọ fún ọ pé, "Àmínátù, kò sí òmíràn o. Fíìmù ẹ̀ ti sọnù, afọ́tò tó yà á náà ti kú." O ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà yòówù tí mo bá béèrè lẹ́yìn ìyẹn, "wọ́n ń tún un ṣe" lò ń sọ.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mo wá mọ irú àtúnṣe tí ẹ ń ṣe. Dépò, ayàwòrán tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ti mú ojú ọmọ kan nínú fọ́tò náà, ó tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́jọ sórí pépà fẹ̀ǹgẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tó ń pariwo. Ó tẹ irú pépà bẹ́ẹ̀ mélòó kan, ó kọ nọ́ḿbà sí ìsàlẹ̀ wọn, ó fọwọ́ sí i, ẹ sì ti tà nínú wọn. Ní báyìí ẹnì kan fẹ́ ra gbogbo èyí tó kù, ṣùgbọ́n ó ní àfi tí ẹ bá fi ojúlówó fọ́tò náà kún un. Ìwọ wá ń bẹ̀ mí kí n gbà, pé tí ọjà yẹn bá bọ́ sí i, ọ̀gá yín obìnrin máa sọ ọ́ di alábòójútó gbọ̀ngàn.

Ìdáhùn mi nìyí, kí o má wá a kiri nínú lẹ́tà: mi ò gbà. Má tà á. Má jẹ́ kí wọ́n tà á.

Ìgbà tí mo pè ọ́, ṣé o rántí bá a ṣe sọ ọ́? Èmi rántí, torí pé àtìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. Mo bi ọ́ pé ojúlówó fọ́tò dà.

"Ó wà, Màámi. Dépò kàn gé e ni."

"Ó gé kí ni?"

"Ó gé e láàárín. Ẹ gbọ́, ojú kan náà ló wà lápá méjèèjì. Èyí tó ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ló dáa jù, ló bá gé ìkejì kúrò."

"Ìkejì wá dà?"

Mo ń gbọ́ bí fáànù yín ṣe ń fẹ́. O wá ní, "Mo máa wò ó nínú páálí tí wọ́n ń da àjákù pépà sí."

Àmínátù, èmi ni ìkejì. Èmi tí mo bí ọ ni ẹ gé jù sínú páálí.

O mọ̀ pé Táyé kú ní kékeré, ṣùgbọ́n n kò rò pé mo ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn fún ọ tán rí, bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀bi tèmi wà. Gbọ́ ọ lónìí. A ò tíì tó wọ ilé ìwé nígbà tí ibà gbé Táyé lọ ní Ẹ̀sìẹ́. Ìyá Àgbà ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Láyé ìgbà náà, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, èyí tó kù ni wọ́n máa ń mú lọ sọ́dọ̀ afọ́tò. Ó mú mi wá sí Òmù-Àrán níbí. Afọ́tò gbé mi ka orí bẹ́ǹṣì gígùn kan, lápá òsì, ó bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ó yà mí. Kẹ́hìndé nìyẹn. Ìyá Àgbà wá tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ tí Táyé máa ń wọ̀ jáde, ó so ó mọ́ mi lọ́rùn, ó gbé mi sún sápá ọ̀tún bẹ́ǹṣì náà. Ó ní, "Ní báyìí, Táyé ni ọ́. Má rẹ́rìn-ín o. Táyé kì í tètè rẹ́rìn-ín." Mo gbé orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bí àbúrò mi ṣe máa ń gbé e. Afọ́tò bo ìdajì kejì, ó tún yà mí. Nígbà tí fọ́tò jáde, àwa méjèèjì jókòó tira wa lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ ní ojú kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú kan náà ni. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ni. Èyí tó kú ni ẹ mú, èyí tó wà láàyè ni ẹ jù nù.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Mi ò kàwé kọjá girama, o sì ti kàwé jù mí lọ, mo dúpẹ́ fún un, èmi ni mo rán aṣọ tó sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ara mi ni mo fi kọ́ wọn.

Èkínní, má fún ohun tí o ò béèrè nípa rẹ̀ ní ìtumọ̀.

Mo fi ìka fẹ fọ́tò rẹ lójú fóònù títí mo fi lè ka ohun tí o kọ sára ògiri. O kọ ọ́ pé Táyé ni ẹ̀gbọ́n. Àmínátù! Ọmọ Ìgbómìnà! Láti ìgbà wo ni Táyé ti di ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé? Òun ló kọ́kọ́ jáde torí pé èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló rán an kó lọ bá mi wo bí ayé ṣe rí. Ọmọ jẹ́léósinmi mọ ìyẹn. Tàbí ẹ̀rù ló bà ọ́ láti sọ fún ọ̀gá rẹ pé bí wọ́n ṣe ní kí o kọ ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ nílé yín? O tún wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ń fi hàn wá pé nínú ayé ọjà, ojú gbogbo wa jọra, kò sí ẹni tí kò ṣeé fi ẹlòmíì rọ́pò.

Nígbà tí mo bi ọ́ lórí fóònù, o ní, "Màámi, póòpù áàtì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á mú nǹkan tí gbogbo èèyàn ń rí lójoojúmọ́, bí agolo mílíìkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ léraléra, kí èèyàn lè dúró bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tí òun ń wò ó."

Mo ní, "Ṣé àbúrò mi ni agolo mílíìkì?"

O ní, "Màámi, kò kàn yé yín ni."

Kò yé mi lọ́jọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó nídìí máṣíìnì, ó sì ti yé mi wàyí. Lọ́dọ̀ tiyín, ẹ tẹ ojú kan léraléra torí pé gbogbo rẹ̀ ò ju ara wọn lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ya ojú kan lẹ́ẹ̀mejì torí pé kò sí ẹlòmíì láyé tó lè jókòó sí àyè ẹni tó lọ, àfi èmi. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà, ìtumọ̀ wọn sì kọ ẹ̀yìn síra. Ká ní o bi mí ni, ohun tí ìwọ ìbá kọ sára ògiri nìyẹn. Mo sì fẹ́ rò pé àwọn tó ń bọ̀ wá wò ó ìbá dúró pẹ́ níwájú rẹ̀.

Má sọ pé mò ń ṣe bí ẹni tí kò ṣìṣe rí. Èmi náà ti fún fọ́tò yẹn ní ìtumọ̀ èké rí. Nígbà tí mo wà ní girama, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Òkè-Ọdẹ, tẹ̀ lé mi wálé. Bó ṣe rí fọ́tò báyìí, ó kígbe: "Ẹ̀n-ẹ́n! O jẹ́ ìbejì, o ò sọ fún mi? Táyé dà?" N kò fẹ́ kó ṣàánú mi. Mo ní, "Ó wà ní Ìlọrin, lọ́dọ̀ àǹtí wa." Nígbà tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà: "Ó dàbọ̀ mà. Tẹ́ ẹ bá ń lọ Ìlọrin, ẹ bá mi kí Táyé o." Ìyá Àgbà ò wò ó, èmi ló wò. Ó wá ní, "Á gbọ́, ọmọ mi." Kò bá mi wí. Ká ní ó nà mí ni, ì bá ti tán lára mi. Nígbà tí wọ́n wọlé ìwé padà, ọ̀rẹ́ mi mú ríbọ́nù kan wá láti Òkè-Ọdẹ pé ti Táyé ni. Mo gbà á, mo dúpẹ́ lórúkọ òkú. Látìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ti lọ. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Èkejì tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ sísọ́ọ̀sì ni.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ìwọ wà lẹ́yìn mi, o ń da itọ́ sí mi lọ́rùn. Ọ̀gá mi jáde lọ́jọ́ kan, obìnrin kan sì gbé aṣọ òkè ìyá rẹ̀ tó ti ṣaláìsí wá, ó ní kí wọ́n fi rán bùbá fún òun. Mo fẹ́ fi hàn pé mo ti mọ iṣẹ́. Mo rí i pé aṣọ náà ní àbùlẹ̀ kan láàárín, kò dùn ún wò, mo bá gé àbùlẹ̀ náà sọnù, mo to èyí tó kù kó jọra dáadáa. Ó wuyì! Mo ń retí kó yìn mí. Obìnrin náà yí aṣọ síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ibi tí ìyá mi fọwọ́ ara ẹ̀ rán dà?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àjákù nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń fẹ òwú kúrò lára wọn, ó ń dì wọ́n sínú gèlè rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Màmá, ẹ ò sì sọ fún mi pé ibẹ̀ lẹ fẹ́." Ó wò mí lójú: "Ìwọ lo mú sísọ́ọ̀sì dání. Ìwọ ló yẹ kó béèrè."

Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà mi fi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. "Ìyá Àmínátù, ẹ gé e jàre, ṣé ẹ fẹ́ kí aṣọ fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni?" Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan, mo tún máa ń béèrè. Ibi tó dà bí ìdọ̀tí lójú rẹ lè jẹ́ òun gan-an ni ohun tí wọ́n ń tọ́jú. Ibi tó sì dà bí àtúnsọ lójú Dépò, èmi ni.

Ní ti Dépò yìí gan-an. O ò sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n bí o ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Má bínú, mo máa là á mọ́lẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni bàbá rẹ rí mi. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò tíì rí ojú tó jọ tèmi. Èmi tí ojú mi wà ní méjì lára ògiri ilé wa! Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n máa lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbà á gbọ́, n kò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ibo lò ń gbé, ta ló ń dúró dè ọ́ nílé, kí lo fẹ́ ṣe lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá béèrè, kò ní yìn mí mọ́. Ó padà sí Jẹ́bà kí o tó lè pe orúkọ rẹ̀. N kò kábàámọ̀ ìwọ rí, o gbọ́? Ìwọ kọ́. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni ẹnu tí mo pa dé.

Nítorí náà, bi Dépò ní ìbéèrè. Bi í pé, "Ibo lo fi ìyá mi sí?" Kó jẹ́ gbólóhùn yẹn gan-an ni kí o lò. Tó bá rẹ́rìn-ín, o ti rí ìdáhùn rẹ. Tó bá wọnú páálí yẹn, tó ń wá a pẹ̀lú rẹ, mi ò ní bú u tó bá bá ọ wá sílé. Mo ti sọ ọ́. Má sì jẹ́ kó pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ nírọ̀lẹ́, kí o sì máa ti ilẹ̀kùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí o rò pé mi ò gbọ́n sí.

O ní, "Màámi, díẹ̀ ni Dépò tẹ̀, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé. Ìyẹn ló sọ ọ́ di olówó ńlá. Tí ojúlówó bá tún wà pẹ̀lú ẹ̀, iye tí wọ́n máa dá lé e á fò sókè." Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Ohun tí kò bá pọ̀ ló níye lórí. Ìwọ lo sọ ọ́. Mélòó wá ni fọ́tò wa?

Má rò pé mi ò fẹ́ owó. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ń jò sórí máṣíìnì, o mọ̀. Mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé nǹkan: aṣọ, òwú, ọwọ́ tó rán an, ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Mo lè rán yunifọ́ọ̀mù tó dáa jù lọ ní gbogbo Kwárà, tí kò bá sí ọmọ tó bá a mu, àkísà ni. Ẹni tó fẹ́ ra fọ́tò yẹn, tó bá gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, kí ló rà? Lọ́wọ́ tiẹ̀, ọmọ kan tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ni. Yàrá kan ṣoṣo ló wà láyé tí ọmọ yẹn ti ń jẹ́ Táyé, ìyẹn yàrá Ìyá Àgbà. Tí ẹ bá mú un kúrò níbẹ̀, ohun tí ẹ ń tà ti kú mọ́ yín lọ́wọ́, iye yòówù kó fún yín.

Mo rántí nígbà tí wọ́n kó yín lọ láti pírámárì lọ wo àwọn ère òkúta ní Ẹ̀sìẹ́. O délé, bàtà rẹ kún fún eruku, o ní, "Màámi, wọ́n pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ojú wọn ò bára mu o!" O wá bi mí pé èló ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo lọ ń sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò. N kò dá ọ lóhùn. Ó yẹ kí n dá ọ lóhùn. Ó yẹ kí n sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n níye lórí torí ibi tí wọ́n jókòó sí. Mo ń dá ọ lóhùn báyìí, bí o tilẹ̀ ti dàgbà.

Ohun tó tún bí mi nínú jù ni pé àwòrán náà dára. Mi ò lè purọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn tó jẹ́ eérú-eérú nínú fọ́tò wa, Dépò kùn ún ní pupa, ó sì jẹ́ pé pupa gan-an ni. Báwo ló ṣe mọ̀? Mo ń wo ojú mẹ́jọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, orí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu tí kò tètè rẹ́rìn-ín, mo rí àbúrò mi bí n kò ṣe rí i rí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara mi. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀. N kò sí níbẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ ti tẹ Táyé ní mẹ́jọ. Mo rò pé ó máa bínú. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí: "Mẹ́jọ?"

"Mẹ́jọ lórí pépà kan, Ìyá. Pépà náà sì pọ̀."

Ó mi orí. "Ta ló máa máa bọ́ wọn?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Àmínátù, mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ọ bó ṣe bi í: gbogbo Táyé tí ẹ kó jáde yìí, lára ògiri àwọn tí kò mọ̀ wọ́n, ta ló máa máa bọ́ wọn?

Èyí tí mo wá fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára nìyí. Àná tí í ṣe Jímọ̀, Ìyá Àgbà se ẹ̀wà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó bù ú fún àwọn ọmọ àdúgbò ní sàárà, ó bu ti Táyé sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ó gbé e lọ síwájú férémù. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ọwọ́ ló fi ń rí wọn. Ó máa ń fi ìka kan apá ọ̀tún, á ní "Táyé," á fi kan apá òsì, á ní "Kẹ́hìndé," bí mo tilẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lánàá, ó nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ wọnú férémù tó ṣófo, ó kan páálí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ rẹ ò tíì tún wọn ṣe tán?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá."

"Ìwọ àti àbúrò rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àwa méjèèjì."

"Ṣé wọn ò yà?"

"Wọn ò yà."

Mo purọ́ níwájú ìyá mi lórí Táyé lẹ́ẹ̀kejì láyé mi, ó sì tún wò mí pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ yẹn, gẹ́lẹ́ bó ṣe wò mí lọ́jọ́ ọ̀rẹ́ mi ọmọ Òkè-Ọdẹ. Ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Èyí, ìwọ lo fi mí sí i. Mi ò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Tí o kò bá mú wọn dé kí ó tó tún se ẹ̀wà, òótọ́ ni mo máa sọ fún un, èmi ò sì mọ ohun tí yóò ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Sọ ẹni tí mo jẹ́ fún ọ̀gá rẹ, ka lẹ́tà yìí fún un tí o bá fẹ́, sọ fún un pé fọ́tò náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú yín láti tà. Tó bá ní kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí rẹ̀, máa bọ̀ nílé, máṣíìnì kejì wà nílẹ̀. Ó ń dùn mí láti kọ ìyẹn, torí mo mọ bí o ṣe wá iṣẹ́ yẹn tó, mo sì fi ẹnu ara mi pariwo rẹ̀ káàkiri àdúgbò. Àwọn tí wọ́n ti ra tiwọn, kí wọ́n máa gbé e kọ́, mi ò lè sáré lé wọn. Ṣùgbọ́n pa ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn rẹ́ kí o tún un kọ. Kọ ọ́ pé orúkọ ọmọ náà ni Táyé, pé àbúrò ni, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a jókòó kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ sídìí páálí yẹn. Da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Má rán ẹnikẹ́ni, ìwọ ni kí o kúnlẹ̀ ṣà á, pépà kan lẹ́yìn òmíràn, bí obìnrin yẹn ṣe ṣa àjákù aṣọ ìyá rẹ̀ nílẹ̀ níwájú mi. Ojú tí ò ń wá kò wọ ìlẹ̀kẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé kò tíì sí ẹni tó ní kó má rẹ́rìn-ín. Tí o bá rí i, má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, má fi sẹ́lótéèpù kàn án, má jẹ́ kí Dépò fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi ni màá so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ mi ni. Ojú ìránṣọ náà máa hàn, jẹ́ kó hàn, kí ìka Ìyá Àgbà lè mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ẹsẹ̀ rẹ lójú ọ̀nà. Má gbé nǹkan kan bọ̀ fún mi láti Èkó. Àwa méjèèjì ni kí o mú bọ̀, má ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kẹ́hìndé,
ẹni tó jókòó lápá òsì.